Alásè Tó Lọ Pọn Omi Lẹ́yìn Òṣùpá

Ẹ má sọ fún mi pé eré lásán ni. Gbogbo ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, mo ti bá a jà, àfi bàbá oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà wa. Etí bàbá náà ti di, gbogbo àdúgbò ló sì ń bá a gbọ́ rédíò rẹ̀ tipátipá. Eré ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ṣe eré ọ̀hún, ènìyàn náà sì ń gbé nílé wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí a ń kó aṣọ tó bá ya sí.

Àbúrò ìyá mi ni. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá mi ń ṣe, wọ́n jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tiwọn. Èmi ni mo ń lọ aṣọ, Àǹtí ló ń rán bọ́tìnnì tó bá já, tí wọ́n sì ń tún àpò tó bá fà ya ṣe. Ẹ ó bá wọn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, òwú lẹ́nu, wọn ò ní bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ò bá kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń mú wọn gbójú kúrò lórí iṣẹ́. Bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé, tí dírẹ́bà sì pa á, Àǹtí á gbé orí sókè, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà títí ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á tó padà sórí bọ́tìnnì wọn. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, mo sì rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Kí wọ́n tó bí mi ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ṣe eré àtìgbàdégbà kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ́yìn Òṣùpá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí. Àwọn ènìyàn kan wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ òṣùpá kọjá, wọ́n ń wá ayé mìíràn tí wọ́n lè tẹ̀dó sí. Ọ̀gákọ̀ wà níbẹ̀, tó máa ń fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí ọjà rẹ̀ ò tà. Dókítà wà níbẹ̀. Ẹnjiníà náà wà níbẹ̀, tí kò ní irinṣẹ́ mìíràn ju òòlù lọ. Alásè kan sì wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gbé oúnjẹ wọlé, tí á sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, tí gbogbo ẹni tó ń wò ó á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ya ẹnu. Àǹtí nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe débẹ̀ kò le. Ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà ni àwọn tẹlifíṣàn ń kó aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe eré náà wá fún fífọ̀. Lọ́jọ́ kan ni olùdarí eré fúnra rẹ̀ wá pariwo pé kọ́là ọ̀gákọ̀ ò dúró dáadáa. Ẹ má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ pe ọkùnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mi tán, kẹ́ ẹ tó bá mi wí. Ó ń pariwo lọ, ni Àǹtí, tí wọ́n wà nídìí omi ọṣẹ, bá gbójú sókè tí wọ́n ní, "Ọ̀gá, lẹ́yìn òṣùpá lọ́hùn-ún, ta ló fẹ́ wo kọ́là?" Olùdarí wò wọ́n títí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí ti di alásè inú ọkọ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé, ẹnu Àǹtí ìgbà yẹn, tàwọn ò tó ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹnu ìyá mi á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Wọ́n ṣe eré náà fún ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn fẹ́ràn Àǹtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé wọn lọ sí ibi kan tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun, kò sí koríko kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn òṣùpá. Ọ̀gákọ̀ á ní, "Alásè, gbé garawa, lọ bá wa pọn omi wá." Alásè á jáde. Lẹ́yìn náà, alásè á padà wá pẹ̀lú omi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bàtà tí wọ́n fún Àǹtí, bàtà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kó lè dà bíi fàdákà, kì í ṣe ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fi í rìn lórí òkúta yẹn, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ, nítorí pé kámẹ́rà ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí wọ́n ti ń jáde lọ ni wọ́n yà. Kí wọ́n tó ya ibi tí wọ́n ti ń padà bọ̀, òjò dé. Olùdarí ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé. Ó sọ fún Àǹtí pé, "A ó ya ìpadàbọ̀ rẹ lọ́jọ́ mìíràn. Mọ́tò á wá gbé ọ."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ wọ mọ́tò, Àǹtí yíjú padà. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bàtà yìí há mi lẹ́sẹ̀. Ṣé wọ́n lè bá mi wá òmíràn?"

Olùdarí ò dá wọn lóhùn.

Mọ́tò ò sì wá. Àǹtí á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé pẹ̀lú báàgì lórí itan. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n wọlé wá jẹun, wọ́n á ní mọ́tò lè dé nígbà tí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́. Ìyá mi ní àwọn ò rántí ọjọ́ tí Àǹtí ṣíwọ́ jíjókòó síta. Ní tèmi, orí wọn ò tíì ṣíwọ́ dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá burú ni ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé apá náà jáde. Ilé onílé wa ni gbogbo àdúgbò pé sí, òun nìkan ló ní tẹlifíṣàn. Àǹtí jókòó níwájú, wọ́n rò pé bóyá àwọn tẹlifíṣàn ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Alásè gbé garawa, ó jáde. Àwọn ẹ̀dá abàmì yọ láti ẹ̀yìn òkúta. Ọ̀gákọ̀ kígbe, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ gbéra. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn ti wà nídìí tábìlì, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè alásè. Apá tó tẹ̀ lé e dé, kò sẹ́ni tó béèrè. Eré náà parí, kò sẹ́ni tó béèrè. Àwọn ọmọ àdúgbò pa ariwo, "Wọ́n ti fi alásè sílẹ̀! Wọ́n ti fi alásè sílẹ̀!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Àǹtí di Ìyá Òṣùpá. Bí Àǹtí bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ìyá Òṣùpá, omi ńkọ́?" Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí mi nígbà náà.

Ìyá mi fẹ́ gbé ìjà lọ bá àwọn tẹlifíṣàn. Wọ́n ti wé gèlè wọn girigiri, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, Àǹtí bá di aṣọ wọn mú, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Mo ráhùn nítorí bàtà. Àìmẹ́nu, àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Ẹnu ló mú iṣẹ́ wá, ẹnu náà ló gbé e lọ. Láti ìgbà náà ni Àǹtí ti pa ẹnu wọn dé.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe pa á dé tó. Ọkọ tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lọ fún obìnrin mìíràn. Àǹtí bá a pàdé lọ́nà, wọ́n kí i, wọ́n sì béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń rán dáadáa. Aládùúgbò darí gọ́tà rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa. Àǹtí ń gbá omi rẹ̀ láràárọ̀. Dókítà eléyín yọ eyín tó dá ṣáṣá sílẹ̀ lẹ́nu wọn, ó fi èyí tó ń ro wọ́n sílẹ̀, Àǹtí sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde! Èmi ni mo padà lọ bá dókítà náà, ohun tí mo sọ fún un ò ṣeé kọ síbí. Nígbà tí mo délé, Àǹtí ní, "Ọmọ mi, a kì í dákẹ́ ká ṣìwí." Mo ní, "Òótọ́ ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n à máa dákẹ́ kí eyín wa tán lẹ́nu." Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọwọ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú.

Ní ti ìyá mi, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń ráhùn fún ènìyàn méjì. Kò sí oníbàárà tí wọn ò tíì bá wí nítorí àbàwọ́n tó wà lára aṣọ rẹ̀. Tẹlifíṣàn kan wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ohun gbogbo tó bá sì jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Lẹ́yìn Òṣùpá jáde padà ní ọdún tó kọjá, tí wọ́n ń pè é ní eré àtijọ́ tí kò lẹ́gbẹ́, ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín ìyá mi àti tẹlifíṣàn. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, Àǹtí á kó aṣọ, wọ́n á wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi á dúró pẹ̀lú omi sítáàṣì lọ́wọ́, wọ́n á máa bínú.

Ọjọ́ kan ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan wá gba àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń sọ pé, "Ẹ̀dá abàmì wo ló ń gbé lẹ́yìn òṣùpá tó ní síìpù lẹ́yìn? Ta ló bá a fà á? Ìyàwó rẹ̀ ni? Ẹ wo ẹnjiníà, ó ń fi òòlù lu ọkọ̀! Ẹ jẹ́ kó wá fi òòlù lu áyọ́ọ̀nù mi níbí kó rí ohun tójú rẹ̀ máa rí." Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbàgbé ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sórí aṣọ ìdọ̀tí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó jáde, ó ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa wá sórí ètò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, láti máa ṣàyẹ̀wò apá tí wọ́n bá wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Ìyá mi gbà. Láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo ìlú ti mọ̀ wọ́n. Àwọn kan ń kó aṣọ tó mọ́ wá fún wa, kí wọ́n ṣáà lè gbọ́ ohùn Màmá. Bí a bá sì ń sunkún, à máa ríran: ìbínú ò ní kí ìyá mi má rí okùn tó so ọkọ̀ òfurufú rọ̀, ojú wọn tó o kedere. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ń dúró de apá ti garawa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kan apá náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ayọ̀ ń pa á. "Màmá, mo rí olùdarí eré náà! Bàbá ṣì wà láyé, ara wọn sì le. Wọ́n ti gbà láti wá jókòó pẹ̀lú yín lọ́jọ́ Sátidé."

Ìyá mi gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì. Òórùn jíjóná kọlù wá kí n tó rántí gbé e kúrò.

Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ, Àǹtí jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣọ tí a fi kọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ apá aṣọ kan tí kò ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi níbẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ nígbà náà?" ni ìyá mi dáhùn. "Kí n lọ bá a jẹ bisikíìtì?"

"Ẹ bá mi béèrè nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ bi wọ́n pé kí ni alásè ṣe. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú nìyẹn. Tó bá jẹ́ torí bàtà yẹn ni, kí n mọ̀ pé òun ni." Wọ́n tún fi ọwọ́ tọ́ apá aṣọ náà. "Tó bá sì jẹ́ òun ni, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú."

"Kí wọ́n má bínú kẹ̀!" Ìyá mi fi ọwọ́ gbá tábìlì débi pé ọ̀rá tí a fi ń di aṣọ fò. "Ìwọ ni o máa bẹ̀ ẹ́? Ìwọ tí wọ́n wọ bàtà ọmọdé fún lórí òkúta?"

Ṣùgbọ́n Àǹtí tún fẹ́ kúnlẹ̀, ìyá mi ò sì lè gba ìkúnlẹ̀ kejì. Wọ́n búra pé àwọn ò ní dárúkọ. Èmi náà búra. Àǹtí ní àwọn ò ní tẹ́tí sí ètò náà rárá, wọ́n yọ bátìrì rédíò wa, wọ́n fún mi pé kí n mú un dání lọ.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ní ilé rédíò. Wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ kí ohùn má baà lọ, òtútù inú rẹ̀ sì tó èyí tí wọ́n lè fi tọ́jú ẹja. Wọ́n fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí ìyá mi lórí gèlè. Wọ́n ní kí n jókòó sí igun, kí n má wúkọ́. Olùdarí wọlé, arúgbó tó mọ́ tónítóní, kọ́là rẹ̀ dúró gbagidi. Ó kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun ò pàdánù ètò wọn rí. Mo wò ó, ó ń wù mí kí n rí ìkà lójú rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.

"Màmá," ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, "ẹ ti wo apá tàná. Kí lẹ rí?"

"Mo rí abọ́," ni ìyá mi wí.

"Abọ́, Màmá?"

"Abọ́ oúnjẹ. Èéfín ń rú nínú ẹ̀. Wọ́n rán alásè lọ pọn omi. Ẹ̀dá onísíìpù dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Alásè wà níta pẹ̀lú garawa. Wọ́n wá jókòó sídìí oúnjẹ tó gbóná. Mo ní, ta ló se oúnjẹ yẹn?"

Olùdarí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Màmá! Láti ọjọ́ tá a ti ṣe eré yìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ béèrè."

"Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ dá mi lóhùn."

Ó gbá máìkì mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ pàlọ́. "Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni. A kì í ya eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ó kó gbogbo ti ìta pọ̀, a ó yà á. A ó kó gbogbo ti inú ọkọ̀ pọ̀, a ó yà á. A ti ya ibi tí alásè ti jáde, kí a tó ya ibi tó ti wọlé, òjò dé. Omi kún gbogbo ibẹ̀, a ò rí i lò mọ́. Ó wá di pé alásè ti jáde, kò sì tíì wọlé. Tá a bá fi í hàn nínú ọkọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó á ní, ibo ló gbà wọlé? La bá ní ká ṣì máa ya ti inú ọkọ̀ lọ láìsí i. Tó bá yá, a ó wá bí a ṣe máa dá a padà."

"Ó wá yá ńkọ́?"

"Iṣẹ́ pọ̀, Màmá." Ó na ọwọ́ méjèèjì síta. "A gbàgbé."

Ìyá mi fara balẹ̀. Mi ò rí i kí wọ́n fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Kí lẹ gbàgbé? Ìpadàbọ̀ rẹ̀, àbí òun fúnra rẹ̀?"

"Méjèèjì!" Ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Èmi rò pé akọ̀wé ti ránṣẹ́ sí i pé kó ṣì dúró díẹ̀. Akọ̀wé rò pé dírẹ́bà ti sọ fún un. Dírẹ́bà ní tiẹ̀ kì í gbé ẹni tí wọn ò bá ní kó lọ gbé. Bó ṣe lọ nìyẹn. Ọmọ yẹn sì mọ eré ṣe o. Kí lorúkọ ẹ̀ ná..."

Ó wo òkè àjà, ó ń wá a. Kò rí i.

"Kò ṣẹ̀ yín?" ni ìyá mi béèrè.

"Ṣẹ̀ mí kẹ̀? Rárá o."

"Kò ráhùn nǹkan kan létí yín? Lọ́jọ́ òjò yẹn?"

"Bóyá ó ráhùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ìyá mi lẹ́nu. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń fi ojú bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀rọ̀, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ lórí rédíò, owó ló ń jẹ. Ìbínú ni mo ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́. Ẹni tó bínú síni ṣáà mọ̀ pé a wà. A lè bá a jà, a lè bẹ̀ ẹ́, a lè dúró dè é kí inú rẹ̀ rọ̀. Gbogbo eyín yẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, gọ́tà yẹn, ìdákẹ́jẹ́ odidi ayé ènìyàn kan, torí ọ̀rọ̀ kan tó sọ, tí ẹni tó sọ ọ́ fún ò tilẹ̀ gbọ́!

Nígbà tí ohùn ìyá mi padà dé, ó dé pẹ̀lú agbára. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wúkọ́, òun tó ní ká má wúkọ́. "Ẹ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ pọn omi, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ẹ wá jókòó ẹ ń jẹun. Ẹ sì mọ kọ́là tí kò dúró dáadáa o! Ẹ rin gbogbo ọ̀nà yẹn lọ sí ilé alágbàfọ̀ torí kọ́là. Ènìyàn ni ẹ ò rántí."

Ẹ̀rín kúrò lójú olùdarí díẹ̀díẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ obìnrin náà ni?"

Ìyá mi la ẹnu. Mo rí orúkọ náà lórí ahọ́n wọn. Wọ́n sì ti búra. Wọ́n pa ẹnu náà dé, wọ́n di etí tábìlì mú, omijé dé ojú wọn.

"Kẹ́ ẹ sì rántí, Màmá," ni olùdarí fi kún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣìpẹ̀, "eré lásán ni."

Mo ti dìde. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo ṣáà ti dìde. Ìgbà náà ni iná pupa orí fóònù tàn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tí omi ń gbé lọ tó rí igi. "Ẹ jẹ́ ká gba olùgbọ́ wa kan! Ẹ káàárọ̀ o. Ta là ń bá sọ̀rọ̀?"

Ariwo ló kọ́kọ́ wọlé. Rédíò kan ń ké lẹ́yìn ẹni tó ń pè, ohùn wa ń padà bọ̀ wá bá wa nínú rẹ̀. Mo mọ rédíò yẹn. Gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ ọ́n.

"Bàbá oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín rédíò yín kù." Ohùn náà kéré. Ariwo ò dín kù. "Bàbá!" ni ohùn náà ké, ó ké gidi, "mo ní ẹ dín in kù!"

Ìyá mi yíjú wò mí, èmi náà wò wọ́n. Kò sẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó gbọ́ kí ohùn yẹn ké láti ìgbà tí mo ti dáyé.

Rédíò dákẹ́. "Ẹ káàárọ̀," ni Àǹtí wí. "Alásè ni."

"Alásè wo nìyẹn, mà?" ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ béèrè.

"Èyí tí wọ́n ní kó lọ pọn omi. Mo ti pọn ọ́n dé. Ta ni kí n gbé e fún?"

Olùdarí yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí rẹ̀, ó tún fi í padà.

"Ọ̀gá, ẹ ní mọ́tò á wá gbé mi," ni Àǹtí ń bá a lọ. "Mo wẹ̀, mo múra, mo jókòó síta. Mo rò pé ẹ̀ ń bínú sí mi ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀ yín nínú ọkàn mi, ẹ̀yin tí ẹ ò bínú. Orúkọ mi tí ẹ̀ ń wá lókè àjà, mi ò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ lọ wá a."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo aago, ó wo olùdarí tó ti fi ọwọ́ bo ojú, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀rọ̀ yìí wọni lára. Ẹ jẹ́ ká gba ìpolówó díẹ̀, ká lè..."

"Ẹ má tíì gbé ìpolówó wọlé," ni Àǹtí wí. "Mi ò tíì débi ọ̀rọ̀ bàtà."